Ta Ló Ń Pè É Bẹ́ẹ̀?

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Bódìjà, ilé wọn kọjú sí tiwa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé girama ni. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìròyìn ló wù mí, ṣùgbọ́n bàbá mi ní iṣẹ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ̀ ò tilẹ̀ tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí èmi sọ fún bàbá tèmi pé iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ ṣe, ó ní òun ò rán mi nílé ìwé kí n lè di ẹni tí ń yọjú sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Mo ní kí ọmọ náà fa àga kan mọ́ra kó jókòó. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó. Mo ti ṣe akọ̀ròyìn, mo ti kọ ìwé, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì títí wọ́n fi ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnu mi gba ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yìí. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ò jìn sí kòtò kankan o. Ọ̀nà mi dán, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó là á fún mi ni.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ nílé ìwé ìjọ Áńgílíkà kan ní Mọ́kọ́lá. Mo gbọ́ pé ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní Dùgbẹ̀ ń wá ẹni tó mọ̀wé kọ, mo lọ, wọ́n gbà mí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún ọgọ́ta ni, òmìnira ṣì ń dùn lẹ́nu gbogbo wa. Ìwé ìròyìn náà ti kógbá sílé tipẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Owó oṣù wọn ń mú wa jẹun, kò jẹ́ ká fọ́nnu, ọ̀rọ̀ owó sì tán síbẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì, olóòtú wa. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í sókè, síbẹ̀ bó bá wọlé, àwọn tó ń to lẹ́tà òjé fún ìtẹ̀wé nísàlẹ̀ á ti mọ̀ láìgbójú sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni tirẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú táì dúdú kan tó dà bíi pé láti kékeré ló ti so ó mọ́rùn. Kì í bú ènìyàn. Ohun tó máa ń ṣe burú ju èébú lọ.

Ìròyìn àkọ́kọ́ tí mo kọ, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà kan ní Ṣàngó ni. Mo fi gbogbo Yorùbá ńlá tí mo mọ̀ sí i. Mo gbé e fún ọ̀gá, mo dúró, mo ń retí ìyìn. Kò tilẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Mísì, kà á sókè." Mo la ẹnu. Ó ní, "Níbí kọ́." Ló bá ṣíwájú, mo tẹ̀lé e, a sọ̀kalẹ̀, a kọjá títì, a dé ìsọ̀ Bàbá Lásún, télọ̀ kan tó ń ránṣọ lábẹ́ páànù níwájú ọ́fíìsì wa. Àwọn ènìyàn máa ń jókòó síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ: ẹni tó ń dúró de aṣọ rẹ̀, ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, ẹni tí kò dúró de nǹkan kan.

Ọ̀gá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ tuntun la mú wá."

Bàbá Lásún ní, "Ẹ jẹ́ kó máa kà á."

Mo kà á. Kí n tó dé ìdajì, ọkùnrin kan ti ń yán. Ìyá kan bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni ẹni tí ò ń pè ní 'olùdarí ètò' yẹn? Ṣé Wòlíì ni àbí ẹlòmíì?" Kí n tó dáhùn, ọkùnrin tó ń yán ti dìde lọ.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ náà tẹ̀lé e máa lọ. Lọ tún un kọ."

Ẹkún ni mo sun délé ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ nìyẹn, ó ju ẹni kankan lọ. Láyé ìgbà náà, ẹnì kan ló ń ra ìwé ìròyìn, gbogbo agbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Etí ló ń ka ìwé ìròyìn wa ju ojú lọ, ọ̀gá mi sì gbà pé ẹni tí kò bá kọ̀wé fún etí kò tíì mọ àwọn tó ń kọ̀wé fún. Ìròyìn kan ò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń to lẹ́tà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba ìsọ̀ Bàbá Lásún kọjá. Bí ẹnì kan bá dá ọ lẹ́nu kó bi ọ́ léèrè, wàá tún un kọ. Bí ẹnì kan bá yán, wàá tún un kọ. Bí wọ́n bá tẹ́tí títí tó fi parí, tí ẹnì kan wá ń mí kanlẹ̀, ọ̀gá á ní, "Ẹ tò ó."

Òfin kejì ló kọ́ mi níṣẹ́ jù. Orúkọ ènìyàn ni. Mo kọ nǹkan kan nípa àgbẹ̀ kan tó ń gbin kókó, mo pè é ní Ọ̀gbẹ́ni J. A. Ọláníyan, bí mo ṣe rí i lẹ́nu àwọn ará ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀gá bi mí pé, "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ọ́fíìsì ìjọba ni, sà."

Ó ní, "Ìjọba ò ra ìwé ìròyìn wa. Nílé rẹ̀ ńkọ́? Lóko ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" Mi ò mọ̀. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ ò wolé, o ti sọ bàbá olóko lórúkọ." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Mo padà lọ sóko, ẹrẹ̀ gbà mí dé orúnkún, mo bá gbọ́ pé Bàbá Arójojoyè ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá bá ẹnikẹ́ni pàdé, mi kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìmọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí fún un, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é, àti orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fi ń pè é. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹni tí o mọ orúkọ rẹ̀ kan ṣoṣo, aṣọ rẹ̀ lo rí, o ò tíì rí òun.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé yìí, lára mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lọ́kọ. Nílé ọkọ mi, ọmọ tí mo bá bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ikun ṣì ń dà nímú rẹ̀, àgbà mi ni, mi ò gbọ́dọ̀ la orúkọ mọ́ ọn lórí. Èmi ni mo máa wá orúkọ tí mo máa fi pè é. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀rọ̀-ò-tán. Ó kọ́kọ́ bínú, ìgbà tó yá òun fúnra rẹ̀ ló ń fi í jẹ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti di Mísísì báyìí. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ta ló ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀?" Mísì ló pè mí títí mo fi kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti Àlàó fún yín, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré.

Bọ́lẹ̀kájà kan ń bọ̀ láti oko, ó kún fún ènìyàn àti ẹrù. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lápá Ẹlẹ́yẹlé, ìjánu rẹ̀ já, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì dojú dé. Ọ̀sán gangan ni. Èmi ni wọ́n rán lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́. Iṣu fọ́n ká títì, bàtà ọmọdé kan wà láàárín iṣu, ìyẹn náà tó. Wọ́n kó àwọn tó fara pa lọ sí ọsibítù. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ẹbí ti wá gbé ẹni wọn, òkú àti ààyè. Ó wá ku ọ̀dọ́mọkùnrin kan.

Kò sẹ́ni tó wá a wá. Ó sùn bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ pa dé, ó ń mí, kò sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti fọ́ yángá. Dókítà sọ fún mi pé àwọn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un kíá, nítorí ẹsẹ̀ náà ti ń bàjẹ́, bó bá sì bàjẹ́ jù, òun ni yóò pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá a mu kò sí nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá wa wá ẹbí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn la fẹ́, àṣẹ wọn láti ṣiṣẹ́ abẹ náà la sì fẹ́. Kò lè dúró pẹ́."

Ẹnì kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ní òun gbọ́ tó pe ara rẹ̀ ní Jósáyà. Orúkọ yẹn ni ọlọ́pàá kọ, òun ni rédíò pè, òun ni ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde. Ẹnikẹ́ni ò wá. Èmi náà jókòó, mo kọ ọ́: Jósáyà wà ní ọsibítù, kí ẹbí rẹ̀ tètè wá. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Bàbá Lásún, mo kà á. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó yán, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn ń káàánú. Mo rò pé mo ti yege. Ohùn ọ̀gá dún lẹ́yìn mi.

"Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ọ̀gá, òun ló pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀."

"Orúkọ tí èèyàn ń sọ fún ará ọkọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ń pariwo Jósáyà lé wọn lórí látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á kàn máa gún iyán wọn lọ ni. Padà lọ bi í."

"Ọ̀gá, kò lè sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní kó sọ̀rọ̀. Mo ní kí o lọ bi í."

Inú bí mi. Mo ń ráhùn nínú takisí láti Dùgbẹ̀ dé ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo bá nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin gíga kan, Sísítà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ní, "Àǹtí oníròyìn, ẹ má da ara yín láàmú. A ti pè é, a ti pè é, kò gbọ́."

Mo fa àga, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Mo pe Jósáyà. Ó ń mí lọ ni. Mo ń wò ó, mo ń rò ó pé ọmọ Yorùbá lèyí, kò sí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa gbé e pọ̀n tí kò ní fi oríkì pè é. Ojú ń tì mí díẹ̀, torí àwọn aláìsàn yòókù ń wò mí, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì àwọn ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìyá ṣe ń jí ọmọ láàárọ̀. "Àjàní. Àyìndé. Àkàndé o. Àrẹ̀mú. Àjàgbé." Kò sí nǹkan kan. "Àdìó. Àlàó."

Ìpéǹpéjú rẹ̀ gbọ̀n.

Mo ní ó lè jẹ́ eṣinṣin. Mo fi í sílẹ̀, mo pe òmíràn, Àlàbí, Àkànmú, kò mira. Mo tún pe Àlàó, ìpéǹpéjú tún gbọ̀n. Mo ní, "Àlàó, dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Omijé yọ lójú rẹ̀ tó ṣì pa dé, ó ṣàn lọ sí etí rẹ̀. Èmi náà bú sẹ́kún níbẹ̀. Sísítà sáré wá, ó rò pé ó ti kú.

Mi ò lè sọ bí mo ṣe padà dé Dùgbẹ̀. Mo tún un kọ ní ìdúró: "Ìyá Àlàó dà? Àlàó ń bẹ láyé. Ó bọ́ sínú ọkọ̀ tó dojú dé lápá Ẹlẹ́yẹlé, ó wà lórí ibùsùn ní ọsibítù, ó ń gbọ́ bí a bá pè é ní Àlàó. Ọ̀dọ́mọkùnrin pupa ni, ó kọ pélé, ṣòkòtò kàkí ló wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń dúró dè. Ẹni tí Àlàó rẹ̀ kò bá sí nílé, kó dìde." Mo kà á nísọ̀. Bàbá Lásún gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ìyá kan tó wá gba bùbá rẹ̀ fi ọwọ́ lérí, ó ní, "Yéè, ọmọ ọlọ́mọ!" Ọ̀gá ò wò mí. Ó ní, "Ẹ tò ó."

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wá wo Dùgbẹ̀! Àṣé ìyá Àlàó pọ̀ ní ìlú Ìbàdàn. Kí n tó dé, wọ́n ti kún iwájú ọ́fíìsì. Àwọn mìíràn jí rí Àlàó tiwọn láàárọ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n wá. Ìyá kan di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin, ọkùnrin gìrìwò tó ti nírùngbọ̀n, ó ní, "Ẹ wò ó, òun nìyí. Mo mú un wá kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe òun." Ọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí Àlàó tirẹ̀ lọ sí Gánà, tí kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé ṣé kì í ṣe ọkọ̀ Gánà ló dojú dé. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ọkọ̀ Gánà. Ó dúró títí agbo fi tú ká, ó ní bóyá a máa rí Àlàó mìíràn. Títí di òní, bí mo bá rántí ìyá yẹn, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Láàárín wọn ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti fà mí láṣọ. Láti Agbowó ló ti wá, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ó jọ pé àbúrò ọkọ mi ni. Àlàó ni ìyá wa ń pè é. Ìyá ń bẹ lóko. A rò pé ọ̀dọ̀ wọn ló ṣì wà, ìyá sì ti rò pé ó ti dé ọ̀dọ̀ wa." Àlàyé náà wọ̀ mí létí. Mo fà á wọ takisí.

A dé ọsibítù, Sísítà ti gbóná. Látàárọ̀ ni àwọn ìyá ti ń ya wọlé, tí wọ́n ń ṣí aṣọ lójú àwọn aláìsàn káàkiri. Ó ní, "Kí ni orúkọ ẹni tí ẹ wá wò?"

Ìyàwó náà ní, "Àlàó."

"Gbogbo ayé ti gbọ́ Àlàó nínú ìwé ìròyìn! Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni mò ń béèrè."

Ìyàwó náà wolẹ̀. Ó ní, "Sísítà, ẹ má bínú. Mi ò lè pè é."

"Ẹ ò lè pè é? Ẹ wá gba ẹni tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo bá a nílé ni. Ọkọ mi ni."

Sísítà ti ń nawọ́ ilẹ̀kùn sí i. Ọmọ Yorùbá ni Sísítà o, ṣùgbọ́n kò tíì lọ́kọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ sáàárín wọn. Mo ní, "Sísítà, kò ní pè é, bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ lù ú. Èmi náà ò ní pe tàwọn tí mo bá nílé ọkọ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, tí kò sí nínú ìwé ìròyìn. Ẹ jẹ́ kó pe ìyẹn. Bí kò bá dáhùn, ẹ lé àwa méjèèjì jáde."

Sísítà wò wá títí, ó yẹ̀ lọ́nà. Ìyàwó náà rìn dé ibùsùn. Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Eyínfúnjowó. Eyínfúnjowó ọkọ mi, èmi ni o."

Ojú tí kò là láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dojú dé, ó là. Ó wá a kiri, ó rí i. Ètè rẹ̀ mira, ó ní, "Ìyàwó."

Sísítà yíjú sí ògiri. Nígbà tó máa fi kọjú sí wa, ó ti ń pe dókítà. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó àwọn ọmọ ìyá wọn dé, wọ́n na apá sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé Àlàó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà. Ó ń tiro títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń tiro. Ọjọ́ tó ṣègbéyàwó, mo jókòó sí ìjókòó àwọn ìyàwó ilé.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi pẹ̀lú ìròyìn ayọ̀ yìí. Mo rò pé lọ́tẹ̀ yìí ó máa yìn mí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dára. Kí lo máa kọ fún ọ̀la?" Ẹ̀rín pa mí. Mo bá fi ìgboyà bi í, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ìyá yín ń pè yín?" Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún un fi sí i. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá kúrò lábẹ́ mi ni wàá gbọ́."

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e le. Ìlú dàrú, wọ́n ń jó ilé, wọ́n ń jó mọ́tò, a sì ń kọ̀wé pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹnì kan sọ iná sí ìsọ̀ Bàbá Lásún torí ohun tí a kà níbẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: àwa òṣìṣẹ́ dá igi jọ, a kọ́ òmíràn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ gun orí rẹ̀ kan páànù pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Ní ìparí àwọn ọdún náà mo rí àyè láti lọ kàwé sí i lókè òkun. Rélùwéè Dùgbẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Gbogbo ẹbí mi wá. Nígbà tí ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí, mo rí ọ̀gá tó ń bọ̀, kò sáré, kò sì rọra. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé mi. Ó ní, "Àkànní. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Má kọ ọ́ sínú ìwé o." Ó yípadà, ó ń lọ. Mi ò ní àkókò láti dúpẹ́.

Mo kàwé, mo padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Àwọn ìwé tí mo kọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: bí a ṣe ń sọ ìròyìn ọmọlúàbí létí àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó sí ìsọ̀ télọ̀ ní Agbowó. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ibẹ̀ ni mo ti gba oyè.

Irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Lẹ́tà òjé la fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń tò ó kì í mọ́. Ẹ̀rọ táípù dé, kò mọ àmì ohùn, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́ sí i. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, àwọn ọmọ gbé e sílẹ̀, wọ́n dẹ́kun títẹ́tí. Kọ̀ǹpútà dé, fóònù dé, olúkúlùkù di oníròyìn nínú yàrá rẹ̀. Mi ò bá irinṣẹ́ jà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mo sọ fún ọmọ ilé iwájú wa ni pé, bó o bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ lórí ohunkóhun tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n dìde, lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ò ń kọ nípa rẹ̀, kó o sì mọ ohun tí wọ́n ń pè é nílé. Iṣẹ́ àwọn tó níṣẹ́ ni. Kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà wá bi mí pé, "Ọ̀gá yín náà ńkọ́?"

Ọ̀gá mi dàgbà, ó dàgbà gan-an. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà, ní ẹ̀bá Ríńgì Róòdù. Ìgbà tí mo ń parí ìwé mi tó kẹ́yìn ni mo lọ kí i, mo mú ojú ewé àkọ́kọ́ dání, torí òun ni mo fi ìwé náà jìǹkí. Ọmọ rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú bí wọn ò bá dá yín lóhùn. Wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Èmi gan-an, wọn ò mọ̀ mí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn."

Ó wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn. Ọmọ rẹ̀ ní, "Dádì, Prọfẹ́sọ̀ wá kí yín." Kò wò wá. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin Olóyè." Kò wò wá. Mo ní, "Ọ̀gá, Mísì ni." Ojú rẹ̀ ṣì wà níta.

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mo di ẹsẹ̀ àga mú. Mo tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Àkànní. Àkànní, ẹ jí ire bí?"

Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kà á sókè."

Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo kà á: "Mo fi ìwé yìí júbà Olóyè Ọ̀mọ̀wé Ládiméjì, àgbà olóòtú, baba àwọn akọ̀ròyìn."

Ìka rẹ̀ kan gbéra lórí àga. Ó ní, "Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀?"

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo yọ kálámù, mo fa igi sí gbogbo rẹ̀, Olóyè, Ọ̀mọ̀wé, àgbà, baba. Mo rántí ohun tó sọ fún mi lábẹ́ fèrèsé ọkọ̀ rélùwéè. Ìyá rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kí n má kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Ó ń wò mí.

Ó ní, "Kọ ọ́. Ẹni tó ń pè é ti dé."